Wọ́n ní amps 100 ò tó wa

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Maryland ni mo ti ń kọ̀wé, ọ̀rọ̀ yìí sì kan ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ ra ilé àtijọ́ ní Amẹ́ríkà níbí.

Ẹ̀rọ omi gbóná wa tó ń lo gáàsì ló bẹ̀rẹ̀ sí í jò, mo wá ní kí n kúkú ra èyí tó ń lo iná, kí n sì fa wáyà tí màá fi máa cháàjì mọ́tò. Oníṣẹ́ iná tá a pè ṣí páńẹ́ẹ̀lì (àpótí tí bréékà gbogbo ilé wà) ní bésímẹ́ǹtì, ó rí 100 lára bréékà ńlá (ìyẹn ìwọ̀n iná tó lè gba ibẹ̀ kọjá, amps ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n), ó mirí, ó ní àfi ká pààrọ̀ ẹ̀ sí 200, owó ẹ̀ á lé ní $4,000. Èmi tí mo lo jẹnẹrétọ̀ "I better pass my neighbour" ní Mushin fún ọdún mẹ́fà! Ta ni ò mọ̀ pé ẹni tó bá ki áyọ́ọ̀nù bọ ìyẹn ti pa á?

Ṣe ni oníṣẹ́ iná yẹn ka nọ́ńbà tó wà lára gbogbo ẹ̀rọ ilé, ó rò ó pọ̀ bí ẹni pé a máa tan gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwé òfin iná wọn, NEC 220.87, gbà kéèyàn wo ìgbà tí iná tó ń lò ga jù láàárín ọdún kan, kó fi ìdá kan nínú mẹ́rin lé e, kó wá ro ẹ̀rọ tuntun mọ́ ọn. Mo gba àkọsílẹ̀ mítà wa. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù keje ló ga jù, AC ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ ń yí, àlejò kún ilé, síbẹ̀ kílówáàtì 9 péré. Ẹ fi fọ́ọ̀tì 240 pín in, kò pé amps 38, tá a bá fi ìdá mẹ́rin ẹ̀ lé e, 47. Ẹ̀rọ omi tuntun náà, heat pump ni (ooru inú afẹ́fẹ́ ló fi ń mú omi gbóná), sọ́kẹ́ẹ̀tì lásán la fi wáyà ẹ̀ sí, kò tó wáàtì 900. Mọ́tò ńkọ́, amps 16 ni mo ní kí wọ́n fi mọ sí, (20 la kà á sí nínú ìṣirò torí ó máa ń pẹ́ lórí iná), tí mo bá fi mọ́tò sí cháàjì ní aago mẹ́wàá alẹ́, kó tó di mẹ́fà àárọ̀ ó ti gba nǹkan bíi kílówáàtì-wákàtí (kWh) 30, ó tó mi lọ síbi iṣẹ́ bọ̀ fún ọjọ́ méjì. Gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ ò tó amps 80. Oníṣẹ́ iná mìíràn ló gba ìwé àṣẹ tó sì ṣe é, páńẹ́ẹ̀lì wa ṣì wà níbẹ̀. Tó bá ti dípẹtà tàbí tó ń gbóná, ìyẹn ọ̀tọ̀, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ kíá.

Sítóòfù gáàsì ló kù. Ìyàwó mi ní kí n má fọwọ́ kàn án, torí sítóòfù iná tí wọ́n ń pè ní induction fẹ́ ìkòkò tí mágínẹ́ẹ̀tì ń lẹ̀ mọ́, kò sì lẹ̀ mọ́ ìkòkò àmàlà tó gbé wá láti Ìbàdàn.

Èmi ni,
Bàbá Ìbejì, Maryland