Ẹ Jẹ́ Kí Iṣẹ́ Ọwọ́ Yín Ṣáájú Ẹ̀bẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Mo kí yín tìfẹ́tìfẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan láìpẹ́ yìí ni mo ṣí LinkedIn, ìkànnì tí àwọn òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ ti ń pàdé, mo bá àtẹ̀jíṣẹ́ mẹ́sàn-án láti ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí n kò mọ̀ rí. Mẹ́jọ nínú rẹ̀ kò ju ìlà kan lọ: "Ẹ káàárọ̀ sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá iṣẹ́." Mo yẹ ojú ìwé wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n lè mọ irú iṣẹ́ tí mo lè bá wọn wá. Àwọn kan kò kọ ju orúkọ lọ. Ẹnì kan kọ "mò ń wá iṣẹ́" síbi tó yẹ kó kọ iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó dùn mí wọ eegun, torí mo mọ̀ pé àìríṣẹ́ṣe ń fojú wọn rí màbo, ó sì wù mí láti ràn wọ́n lọ́wọ́, àmọ́ n kò rí ibi tí mo lè gbá mú.

Ẹni kẹsàn-án kò béèrè iṣẹ́. Ó ní òun ka ohun tí mo kọ nípa bí ilé iṣẹ́ kékeré ṣe lè máa ṣàkọsílẹ̀ owó tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde, òun sì ti dán an wò, ibì kan ló rú òun lójú. Ó fi ohun tó ṣe hàn mí, ó wá bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Mo dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí ojúlùmọ̀ mi kan ní òun ń wá ẹni tó lè máa bá òun tọ́jú ìwé owó, orúkọ ọmọ yẹn ló kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn, torí mo ti rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ìyẹn gan-an lọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ. Ẹ jẹ́ káwọn ènìyàn ti mọ ohun tí ọwọ́ yín lè ṣe kó tó di ọjọ́ tí ẹ máa nílò wọn.

Ẹ lè máa rò pé àwọn ọ̀rẹ́ kòríkòsùn ló máa ń fi ọ̀nà iṣẹ́ hanni. Ní ọdún 1973, Mark Granovetter, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde. Ó bi àwọn tó rí iṣẹ́ nípasẹ̀ ẹni tí wọ́n mọ̀ pé báwo ni wọ́n ṣe máa ń rí ẹni náà sí. Kò tó 17 nínú 100 tó ní àwọn ń rí i lemọ́lemọ́. Ó lé ní 55 tó ní ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni, bíi 28 sì ní ó ṣọ̀wọ́n káwọn tó fojú kàn án. Ẹ wò ó, ohun tí kòríkòsùn yín gbọ́, ẹ̀yin náà ti gbọ́ ọ, torí ibì kan náà lẹ jọ ń rìn. Ojúlùmọ̀ ló ń rìn níbi tí ẹsẹ̀ yín kò dé. Ní 2022, àwọn olùwádìí tún fi LinkedIn yẹ ọ̀rọ̀ náà wò láàárín àwọn tó lé ní 20 mílíọ̀nù. Wọ́n rí i pé ẹni tó wà láàárín méjì ló wúlò jù fún ẹni tó ń wá iṣẹ́: kì í ṣe ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́, kì í sì í ṣe ẹni tí ẹ kàn mọ orúkọ rẹ̀ lásán.

Nítorí náà, ẹ má fi ojúlùmọ̀ ṣeré. Ẹ wá àwọn tí ẹ jọ kàwé, àwọn tí ẹ jọ ṣiṣẹ́ rí, olùkọ́ tó kọ́ yín. Bí ẹ bá ń bẹ ẹnì kan pé kó gbà yín mọ́ra lórí ìkànnì, ẹ kọ ìlà méjì pé ibi báyìí la ti pàdé, ohun báyìí ni mo kọ́ lára yín. Bí wọ́n bá kọ nǹkan, ẹ kà á tán kí ẹ tó dá sí i. "Ọ̀rọ̀ yìí dára" kò sọ nǹkan kan nípa yín; ìbéèrè gidi máa ń sọ púpọ̀.

Ní ti iṣẹ́ yín, LinkedIn fún yín ní lẹ́tà 220 lábẹ́ orúkọ yín. Ẹ má fi kọ "ògbóǹtarìgì". Ẹ kọ ohun tí ẹ ń ṣe àti ẹni tí ẹ ń ṣe é fún. Ẹni tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà lè gbé e sí GitHub, ayàwòrán lè gbé tirẹ̀ sí Behance. Ẹ̀yin tí iṣẹ́ yín kì í hàn sójú, bíi nọ́ọ̀sì tàbí òṣìṣẹ́ báńkì, ẹ máa kọ ohun tí ẹ kọ́ lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má tú àṣírí aláìsàn tàbí ti oníbàárà o. Ohun tó bàjẹ́ tí ẹ sì tún ṣe ni èmi máa ń kà jù lọ, torí ibẹ̀ ni mo ti ń rí bí ènìyàn ṣe ń ronú.

Ẹyin lohùn, ti orí íńtánẹ́ẹ̀tì sì le ju ti ẹnu lọ. Nígbà kan, mo fi ìbínú kọ ọ̀rọ̀ nípa ọ̀gá tí mo bá ṣiṣẹ́ rí. Mo pa á rẹ́ lọ́jọ́ kejì, àmọ́ ẹnì kan ti ya àwòrán rẹ̀. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ni wọ́n fi bi mí léèrè níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, n kò sì rí iṣẹ́ ọ̀hún gbà. Ó ṣì ń dùn mí.

Bákan náà, ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ìkànnì Google+ kógbá wọlé ní April 2019. Lọ́dún yẹn kan náà ni ìkànnì Myspace jẹ́wọ́ pé orin, àwòrán àti fídíò tí àwọn ènìyàn ti gbé síbẹ̀ láti ọdún pípẹ́ lè ti sọnù. Ẹ máa pa ẹ̀dà gbogbo iṣẹ́ yín mọ́ sọ́wọ́ ara yín, kí ẹ sì ní àdírẹ́sì ímeèlì àwọn tó ṣe pàtàkì sí yín. Ẹni tó bá sì ní kí ẹ kọ́kọ́ sanwó kí òun tó fún yín níṣẹ́, ẹ sá fún un, olè ni.

Mo ti fèsì fún àwọn mẹ́jọ yẹn. Ìbéèrè kan náà ni mo bi gbogbo wọn: "Kí lo ṣe lóṣù tó kọjá tí inú rẹ dùn sí? Fi hàn mí." Àwọn mẹ́ta ti dáhùn, ọ̀kan nínú wọn sì fi iṣẹ́ tó wú mi lórí gan-an ránṣẹ́. Mo ṣì ń retí àwọn márùn-ún yòókù.

Èmi ni,
Bàbá yín tó ń ro rere sí yín