Lẹ́tà sí Bàbá Graydon

Bàbá Graydon,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń pè yín bẹ́ẹ̀. Victor Creed ni wọ́n ń pè yín, tàbí Sabretooth, ìkà inú ìwé àwòrán Marvel. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, bí èèyàn bá ti bímọ, orúkọ ọmọ la fi ń pè é, ìbáà tiẹ̀ jẹ́ ọmọ tó kórìíra bàbá rẹ̀ bí Graydon ṣe kórìíra yín. Ẹ sì dàgbà ju bàbá bàbá mi lọ, ara yín tó ń wo ara rẹ̀ sàn ni ò jẹ́ kó hàn lójú. Nítorí náà, ẹ̀yin ni mo máa fi pè yín. Tí ẹ bá yọ èékánná, màá sá, àmọ́ màá kọ́kọ́ kí yín ná.

Ọdún 1977 ni Chris Claremont àti John Byrne kọ́kọ́ mú yín jáde nínú ìwé Iron Fist. Nígbà tí ẹ máa fi dé ọ̀dọ̀ mi, ẹ ti gbó. Mo ra yín lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ìwé àlòkù nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní Yábàá. Ìwé náà ò ní èèpo mọ́, ìparí rẹ̀ sì ti ya lọ. Ibi tí mo ṣí kàn ni ọmọdékùnrin kan nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́rùn ọwọ́. Bàbá rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ wá fa eyín rẹ̀ yọ, nítorí ó ní èṣù ló wà nínú ọmọ náà. Eyín á tún hù. Bàbá á tún sọ̀ kalẹ̀.

Mo pa ìwé náà dé. Mo fi ahọ́n kan eyín tèmi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí: mo máa ń gé èèyàn jẹ nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Kì í ṣe eré. Ọmọ ìyá onírẹsì ládùúgbò wa gba táyà tí mo ń yí lọ́wọ́ mi, mo sì fi eyín kàn án lápá títí mo fi tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò. Ìyá mi fi ata rodo ra mí lẹ́nu níwájú gbogbo ilé. Ètè mi wú, mo sunkún títí ohùn mi fi há. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, màmá àgbà pè mí sí yàrá wọn, wọ́n ti ìka bọ epo pupa, wọ́n sì ń fi pa ètè mi díẹ̀díẹ̀. Wọn ò wàásù. Ohun tí wọ́n sọ ò ju pé, "Eyín ẹ ò burú. Ẹran ni wọ́n ní kó máa jẹ."

Ẹ̀yin náà ní ẹni tó ń pa epo sí yín lójú egbò. Birdy lorúkọ rẹ̀. Ó lè wọ inú orí èèyàn, tí òùngbẹ ẹ̀jẹ̀ bá sì ti ń gbẹ yín, ó máa ń tan ìmọ́lẹ̀ kan síbẹ̀ tí ara yín á fi wálẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ohun tí màmá àgbà ṣe fún mi lọ́fẹ̀ẹ́, owó lẹ fi ń rà á. Ní 1993, Graydon pa á. Ọmọ yín fúnra rẹ̀! Ó wọ aṣọ irin wá, ó pa ẹni kan ṣoṣo tó lè mú kí bàbá rẹ̀ sùn.

Tó bá jẹ́ ibí ni ọ̀rọ̀ yín parí sí, mi ò bá ti dárí ohun gbogbo jì yín. Ṣùgbọ́n mo ti ka èyí tó ṣáájú. Lọ́dún 1986, nínú ihò abẹ́ ilẹ̀ New York, ẹ̀yin àti ẹgbẹ́ apànìyàn yín, àwọn Marauders, wọlé tọ àwọn Morlock lọ, àwọn mútáǹtì (ìyẹn àwọn tí wọ́n bí agbára àrà mọ́) tó jẹ́ pé ìrísí wọn ni ò jẹ́ kí wọ́n lè gbé láàárín èèyàn. Kò sí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ náà. Iṣẹ́ ni wọ́n rán yín, ẹ sì jẹ́ ẹ tayọ̀tayọ̀.

Ti Boomer, ọmọbìnrin mútáǹtì kan, ló sì dùn mí jù. Lẹ́yìn tí Wolverine, ọ̀tá yín àtayébáyé, fi èékánná gún yín nínú ọpọlọ, tí ẹ dà bí ọmọ ọwọ́ nínú ilé Ọ̀jọ̀gbọ́n Xavier tó ń kó mútáǹtì mọ́ra, gbogbo àgbà ilé ń ta kété sí yín. Ọmọbìnrin yẹn nìkan ló ń jókòó tì yín. Bàbá tirẹ̀ náà máa ń lù ú, ìyẹn ló tìtorí ẹ̀ sá nílé. Ó mọ ohun tó ń wò. Iyè yín ti sọ padà, ẹ sì ń díbọ́n fún un. Ọjọ́ tí ẹ já, ẹ fẹ́ẹ̀ pa á, Psylocke, ọ̀kan lára àwọn ará ilé náà, tó wá gbà á sílẹ̀ ló wá forí fá a. Tẹ́nì kan bá wá sọ fún mi pé ẹ̀wọ̀n bàbá yín ló sọ yín dìkà, màá bi í pé kí ló ṣe Boomer tí kò fi ya ikùn ẹnikẹ́ni.

Mo ti fẹ́ jù yín sílẹ̀ níbẹ̀. Ọdún 2014 ni ò jẹ́.

Lọ́dún yẹn, àwọn onídán méjì, Scarlet Witch àti Doctor Doom, pe ọfọ̀ kan tó yí inú àwọn èèyàn padà: ẹni ire di ìkà, ìkà di ẹni ire. Nígbà tí wọ́n tú ọfọ̀ náà, kò tú lára yín, nítorí Iron Man, akọni tí ọfọ̀ náà ti sọ dìkà tí kò sì fẹ́ padà, ti ta ìbòrí sílẹ̀, ẹ sì wà lábẹ́ rẹ̀. Wolverine ti kú lọ́dún náà. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń wá kí i pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ní ọjọ́ ìbí rẹ̀ wá ń jà ní ẹ̀gbẹ́ àwọn tó jẹ́ tirẹ̀, ẹ ń ka òkú ìgbà àtijọ́ lọ́kàn, ojú ń tì yín.

Àwọn kan ní ire ọfọ̀ kì í ṣe ire. Mi ò bá wọn jiyàn, torí wọ́n ti fi ọfọ̀ tì yín síbẹ̀, ẹsẹ̀ yín kọ́ lẹ fi rìn débẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó wá ṣí lára yín lẹ́yìn náà, tí ẹ padà sí ti àná, ṣé iyè yín náà bá a lọ ni? Ìbéèrè tí mo tìtorí ẹ̀ kọ lẹ́tà yìí nìyẹn. Kó tó dìgbà yẹn, ẹ lè sọ pé ẹ ò mọ adùn ibẹ̀ rí. Ní báyìí, ẹ ti jẹ ẹ́, ẹ ti gbé e mì.

Síbẹ̀, mi ò bá wọn ju òkò lọ́jọ́ Krakoa. Lọ́dún 2019, àwọn mútáǹtì dá ìlú tiwọn sílẹ̀ lórí erékùṣù yẹn. Wọ́n rán ẹ̀yin, Mystique àti Toad lọ jí nǹkan, ẹ pa àwọn ẹ̀ṣọ́ níbẹ̀, ẹ̀yin nìkan lọ́wọ́ tẹ̀. Emma Frost, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú ìlú náà, wá gbà yín kúrò ní kóòtù Amẹ́ríkà pé ọmọ onílùú ni yín. Ẹ rò pé wọ́n wá yọ yín. Wọ́n mú yín dé iwájú ìgbìmọ̀, ìgbìmọ̀ náà ṣòfin pé a ò gbọdọ̀ pa èèyàn, wọ́n sì fi òfin tí wọ́n ṣe lójú yín dá ẹjọ́ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ilẹ̀ la ẹnu, ó gbé yín mì, láàyè, ojú yín là sílẹ̀, ẹ ò sì lè mira.

Ta ló jókòó lórí àga? Mister Sinister, ẹni tó rán yín sí àwọn Morlock. Mystique, tí ẹ jọ lọ jalè náà, ìyá Graydon! Bàbá, mo dìde nílẹ̀ nígbà tí mo kà á. Ẹni tó bẹ níṣẹ́ ló ń dájọ́ ẹni tó jíṣẹ́. Wọ́n tún sọ̀ kalẹ̀ tọ ọmọdékùnrin yẹn lọ nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ ni, èyí tí ò ní àtẹ̀gùn lọ́tẹ̀ yìí.

Mo kúrò lórí ìyẹn, kí ẹ má rò pé mo ti wá di lọ́yà yín. Ẹ jàre nínú ẹjọ́ yẹn, ẹ sì jẹ̀bi Boomer. Méjèèjì ló wà nínú mi, mi ò sì rí èyí tí mo lè yọ.

Lọ́dún tó kọjá, mo lọ síbi ìsìnkú ìyá onírẹsì. Ọmọ rẹ̀ rí mi, ó dì mọ́ mi, ó sì ká apá agbádá rẹ̀ sókè fi àpá náà han ọmọbìnrin mi: ìlà kékeré méjì bí àkámọ́. "Bàbá ẹ ló ṣe é," ó ní, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi wo apá náà títí. Ó wá yíjú sí mi, ó ní kí n ya ẹnu.

Mo yà á. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka eyín mi.

Èmi ni,
ọmọ tó máa ń gé èèyàn jẹ