Ògiri Ló Kọ́kọ́ Lanu

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde nípa awuyewuye tó bá òfin ìlera Ààrẹ Obama ní Amẹ́ríkà rìn, èyí tí wọ́n ń pè ní Obamacare, ló mú mi gbé kálàmù. Ẹni tó kọ ọ́ mọ ohun tó ń sọ, mi ò bá a jiyàn lórí ìtàn. Ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ ni ibi tó ti ní òpè ni àwọn tó ń jágbe mọ́ àwọn aṣòfin nínú gbọ̀ngàn ìlú lọ́dún 2009, nígbà tí òfin náà ṣì jẹ́ àbádòfin, pé ká ní wọ́n ti la àwọn èèyàn lọ́yẹ̀ dáadáa ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti tán. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe níbí ní Amẹ́ríkà, arúgbó ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tí mò ń tọ́jú. Ojú mi ló ṣe. Àwọn tí mo bá pàdé kì í ṣe òpè. Wọ́n gba irọ́ gbọ́ o, ìyẹn ò ní àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú.

Ẹ jẹ́ ká mú èyí tó lókìkí jù nínú àwọn irọ́ náà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2009, Sarah Palin, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ipò gómìnà Alaska sílẹ̀, kọ ọ́ sórí Facebook pé àwọn òbí òun tàbí ọmọ òun tó ní àrùn Down yóò ní láti lọ dúró níwájú "ìgbìmọ̀ ikú" Obama, kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba lè wò ó bóyá wọ́n yẹ lẹ́ni tí à ń tọ́jú. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ọ̀rọ̀ náà ti gba ìgboro. Kí ló wà nínú àbádòfin náà gan-an? Abala kan ni, abala 1233, tó ní kí Medicare, ètò adójútòfò ìlera tí ìjọba àpapọ̀ ń ṣe fún àwọn arúgbó, máa sanwó fún dókítà tó bá jókòó ti aláìsàn láti bá a sọ̀rọ̀ nípa bó ṣe fẹ́ kí wọ́n tọ́jú òun bí àìsàn bá dé ibi tí kò ní ẹ̀yìn mọ́. Aláìsàn tó bá fẹ́ ni. Ẹni tí kò bá fẹ́, kò sí ẹni tó máa fipá mú un.

Mo mọ ìjókòó yẹn dáadáa, nítorí mo ti wà níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Dókítà á béèrè pé, bàbá, bí ẹ ò bá lè mí fúnra yín mọ́, ṣé kí á fi ẹ̀rọ bá yín mí? Bí ọkàn yín bá dúró, ṣé kí á tẹ̀ yín láyà? Ta ni kó máa sọ̀rọ̀ fún yín bí ẹ ò bá lè sọ̀rọ̀? Àwọn kan á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní kí wọ́n ṣe gbogbo ohun tó bá ṣeé ṣe. A ó kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn á ní ilé àwọn ni kí wọ́n jẹ́ kí àwọn kú sí. A ó kọ ìyẹn náà. Ẹni tí kò bá sọ ohunkóhun, ilé ìwòsàn á ṣe gbogbo rẹ̀ fún un, bó fẹ́ bó kọ̀: ọ̀pá lọ́fun, abẹ́rẹ́ lápá méjèèjì, kí wọ́n máa tẹ àyà ẹni àádọ́rùn-ún ọdún títí egungun ìhà rẹ̀ á fi kán. Nígbà náà ni àwọn ọmọ á wá máa bára wọn jà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó mọ ohun tí ìyá wọn ì bá fẹ́. Ohun tí ìjókòó yẹn wà fún ni pé kí aláìsàn pàṣẹ ara rẹ̀. Òun ni wọ́n wá sọ di ìgbìmọ̀ ikú.

PolitiFact, àwọn tó máa ń yẹ ọ̀rọ̀ òṣèlú wò, fún ọ̀rọ̀ Palin ní oyè irọ́ tó ga jù lọ́dún náà. Kò mú nǹkankan yí padà. Wọ́n yọ abala náà kúrò, òfin jáde láìsí i, ó sì di ọdún 2016 kí Medicare tó bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó fún irú ìjókòó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó kú láàárín ọdún wọ̀nyẹn láìsí ẹni tó bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́, àwọn ló san gbèsè irọ́ náà.

Kí ló wá dé tí àwọn tó gbọ́n, tí wọ́n ti tọ́mọ, tí wọ́n ti sin ìjọba nínú ológun, fi gba irú èyí gbọ́? Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè kó síbẹ̀. Nígbà tí Obama ń wá ìbò, ó ṣèlérí pé orí tẹlifíṣọ̀n C-SPAN ni wọn yóò ti máa ṣe ìdúnàádúrà lórí òfin ìlera, kí gbogbo ayé lè rí ẹni tó ń gbèjà ará ìlú àti ẹni tó ń gbèjà àwọn ilé iṣẹ́ oògùn. Ìlérí tó dára ni. Nígbà tó di oṣù kẹfà ọdún 2009, ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ oògùn bá ilé ìjọba àti Sẹ́nétọ̀ Max Baucus ṣe àdéhùn pé àwọn yóò dá bílíọ̀nù 80 dọ́là sílẹ̀ láti ran ètò náà lọ́wọ́ láàárín ọdún mẹ́wàá. Kò sí kámẹ́rà níbẹ̀. Ohun tí ilé ìjọba fún wọn padà, nínú ìròyìn ni ará ìlú ti kà á. Ta sì ni olórí ẹgbẹ́ àwọn olóògùn náà? Billy Tauzin, aṣòfin àná, ẹni tó wà lórí àga alága ìgbìmọ̀ nígbà tí wọ́n ṣe òfin ọdún 2003 tó kà á léèwọ̀ fún Medicare láti bá àwọn olóògùn ná owó oògùn. Ó kúrò nílé ìgbìmọ̀, ó lọ di olórí wọn. Ẹni tó bá wo ìyẹn tán tí kò fura, òun gan-an ni mo máa pè ní òpè.

Kò tíì tán. Nígbà tí ìbò 60 di dandan nílé ìgbìmọ̀ àgbà, wọ́n fún Sẹ́nétọ̀ Ben Nelson ní ohun tí ìpínlẹ̀ kankan ò rí gbà: ìjọba àpapọ̀ ni yóò máa san owó tí fífẹ Medicaid, ètò ìlera ìjọba fún àwọn tí kò lówó lọ́wọ́, lójú bá kó bá Nebraska, ìpínlẹ̀ Nelson, láéláé. Nelson dìbò, àbádòfin kọjá pẹ̀lú ìbò 60 sí 39 ní àárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì. Wọ́n padà yọ ẹ̀bùn Nebraska náà nítorí ariwo, ṣùgbọ́n ojú ti rí i. Ní oṣù kẹta ọdún 2010, Nancy Pelosi, olórí ilé aṣojú-ṣòfin nígbà náà, ní àwọn ní láti fọwọ́ sí àbádòfin náà kí àwọn èèyàn lè mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Kí n má purọ́ mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìparí tí àwọn alátakò gé sọnù: ó ń sọ nípa ìgbà tí ariwo bá ti rọlẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ti fura tẹ́lẹ̀, èwo ló máa gbọ́ nínú méjèèjì?

Èyí tó sì dùn mí jù, nítorí mo fẹ́ràn òfin náà, ni ìlérí Obama pé ẹni tí adójútòfò ìlera rẹ̀ bá tẹ́ lọ́rùn yóò máa lò ó lọ. Ó tún un sọ láìmọye ìgbà. Lọ́dún 2013, lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé tọ ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù èèyàn pé àdéhùn adójútòfò wọn ti dópin, nítorí kò bá òfin tuntun mu. Ààrẹ bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n ní oṣù kọkànlá, ó tọrọ àforíjì. Àwọn PolitiFact kan náà tó fún Palin ní oyè ló fún òun náà ní tirẹ̀ lọ́dún yẹn. Ìkànnì HealthCare.gov, níbi tí èèyàn ti lè ra adójútòfò, tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ò sì ràn án lọ́wọ́. Èèyàn mẹ́fà péré ló rí orúkọ fi sílẹ̀ parí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ tún wo ti owó ìtanràn tí òfin náà bù lé ẹni tí kò bá ní adójútòfò. Lọ́dún 2009, ààrẹ ní kì í ṣe owó orí rárá. Lọ́dún 2012, àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀ dúró níwájú ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ, wọ́n ní bí ẹ ò bá gba ìyókù gbọ́, ẹ kà á sí owó orí. Orí ìyẹn ni adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án gbé òfin náà dúró lé.

Kí ẹ má rò pé orí Obama nìkan ni mo fẹ́ gbé e lé. Ẹ̀rù wà nínú àwọn aláìsàn mi tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú, tí wọn ò nílò Palin kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n. Láti ọdún 1932 títí di 1972, àjọ ìlera ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ ṣe ìwádìí lórí nǹkan bí 600 ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ní agbègbè Tuskegee ní Alabama. 399 nínú wọn ní sífílíìsì. Wọ́n sọ fún wọn pé "ẹ̀jẹ̀ burúkú" ni àwọn ń tọ́jú. Nígbà tí pẹnisílìnì ti di oògùn àrùn náà káàkiri, wọn ò fún wọn, nítorí wọ́n fẹ́ mọ bí àrùn ọ̀hún yóò ṣe bá wọn ṣe dópin. Ó di ọdún 1997 kí ààrẹ kan, Clinton, tó tọrọ àforíjì. Bí bàbá aláwọ̀ dúdú kan bá bi mí pé, "Ta ló ní kí ẹ wá béèrè èyí lọ́wọ́ mi?", mo máa ń dá a lóhùn pẹ̀lú sùúrù.

Àmọ́ nǹkan kan wà níbẹ̀ tí akọ̀wé yín ò wò. Àwọn aláwọ̀ dúdú yìí, tí wọ́n ní ìdí jù láti sá fún ìjọba, àwọn ló wà lára àwọn tó ti òfin náà lẹ́yìn jù. Wọ́n fura, wọ́n béèrè, wọ́n sì gba ohun tó wúlò fún wọn. Nítorí náà, àìgbẹ́kẹ̀lé nìkan kọ́ ló ń sọ èèyàn di ẹran ìjẹ fún irọ́. Lójú tèmi, ohun tó ń ṣe é ni pé ẹni tó bá ní òun ò gba ìjọba gbọ́ mọ́, ó ti gba ẹlòmíràn gbọ́, kò sì béèrè nǹkankan lọ́wọ́ onítọ̀hún.

Ẹ ò rí i? Ní oṣù kẹfà kan náà tí àwọn olóògùn ń ṣe àdéhùn wọn, ìgbìmọ̀ kan nílé aṣojú-ṣòfin pe àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ adójútòfò mẹ́ta. Ìwádìí fi hàn pé láàárín ọdún 2003 sí 2007, ilé iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ti fagi lé àdéhùn tó sún mọ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún, lẹ́yìn tí àwọn oníbàárà ti ń sanwó, tí àìsàn sì ti dé. Wọ́n á lọ tú fọ́ọ̀mù àtijọ́, wọ́n á wá ohun tí onítọ̀hún gbàgbé láti kọ síbẹ̀, wọ́n á sì já a sílẹ̀. Aṣòfin bi wọ́n níkọ̀ọ̀kan bóyá wọn yóò dáwọ́ rẹ̀ dúró, àyàfi fún ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ rẹ́ wọn jẹ. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní rárá. Ìgbìmọ̀ ikú? Ó ti ń jókòó tipẹ́, ó ń gba owó oṣù, a ò sì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni lọ jágbe mọ́ ọn nínú gbọ̀ngàn ìlú.

Gbogbo èèyàn ló ti fi ọkùnrin Simpsonville, ní South Carolina, ṣẹ̀fẹ̀, ẹni tó dìde níwájú aṣòfin Bob Inglis tó ní kí ìjọba kó ọwọ́ kúrò lára Medicare òun. Ìjọba ló ni Medicare láti ọdún 1965 tí Lyndon Johnson ti fọwọ́ sí i. Inglis gbìyànjú láti ṣàlàyé, ọkùnrin náà ò gbà. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ohun tó bá ń ṣiṣẹ́ láìpariwo, tó ń sanwó dókítà lóṣooṣù, àwọn èèyàn kì í pè é ní ìjọba mọ́, tiwọn ni. Àwọn tó ń jà lórí tẹlifíṣọ̀n, tí wọ́n ń fi Nebraska ra ìbò, àwọn ni ìjọba lójú wọn. Ní Kentucky, wọ́n pe ọjà adójútòfò tí òfin náà dá sílẹ̀ ní Kynect, orúkọ Obama ò sí lára rẹ̀, àwọn tó kórìíra Obamacare sì ń forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ tayọ̀tayọ̀.

Nítorí náà, Olóòtú, ìlanilọ́yẹ̀ tí akọ̀wé yín ń pè fún ò lè tó. Ní ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún 2010, Obama kó àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ méjèèjì jọ sí Blair House, ilé àlejò ìjọba, wọ́n sọ̀rọ̀ fún bíi wákàtí méje, tẹlifíṣọ̀n sì ń gbé e. Mo wò ó débi tí iṣẹ́ jẹ́ kí n wò. Wọ́n jiyàn bí àgbà, wọ́n tọ́ka sí abala, wọ́n jẹ́wọ́ ibi tí wọn ò ti gbà. Ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún tó ṣáájú nìyẹn, kí àdéhùn tó wà nílẹ̀. Ó sì yẹ kí ẹnìkan ní ìgboyà láti sọ pé: àwọn kan nínú yín yóò pàdánù adójútòfò tí ẹ ní, ìdí rẹ̀ rèé, ohun tí a ó fi rọ́pò rẹ̀ rèé. Ìbò díẹ̀ ì bá bá a lọ. Àmọ́ lẹ́tà ọdún 2013 kì bá ti bá ẹnikẹ́ni lójijì.

Ẹgbẹ́ kejì náà ò sì kọ́gbọ́n. Lọ́dún 2017, àwọn Republican tó ti fẹ̀sùn kan Democrat, ẹgbẹ́ Obama, pé wọ́n ń ṣe òfin ní kọ̀rọ̀, kó sẹ́nétọ̀ mẹ́tàlá jọ, wọ́n tilẹ̀kùn, wọ́n kọ àbádòfin tiwọn láti fagi lé ti Obama. Gbọ̀ngàn ìlú tún kún, ariwo tún sọ, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, àwọn tó fẹ́ kí òfin Obama dúró ló ń jágbe. Ìgbìyànjú náà ṣubú ní òru ọjọ́ 28 oṣù keje, ìbò 49 sí 51, lẹ́yìn tí John McCain, sẹ́nétọ̀ Republican fúnra rẹ̀, na àtàǹpàkò rẹ̀ sísàlẹ̀ láti fi sọ pé rárá. Akọ̀wé yín fi ìpínrọ̀ mẹ́rin bú àwọn tó pariwo lọ́dún 2009, kò sì sọ gbólóhùn kan nípa ilẹ̀kùn tí wọ́n tì lọ́dún 2017. Bó bá tún máa kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ bá mi sọ fún un pé kó bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Nọ́ọ̀sì kan ní Amẹ́ríkà