Ìkéde fún onílé àti ayálégbé Ìtòkò, Abẹ́òkúta: ọ̀rọ̀ ìdun àti aáyán

Tí ìdun bá wọ yàrá kan, gbogbo yàrá ni kí a tọ́jú lọ́jọ́ kan náà, torí ó máa ń gba ihò ògiri bọ́ sí yàrá kejì. Ẹ tú igi bẹ́ẹ̀dì síta, ẹ da omi tó ń hó sí ojú ìsó àti gbogbo ẹ̀là ara rẹ̀. Aṣọ ibùsùn, ẹ sè é. Sísá sóòrùn nìkan kò tó. Òtápiàpíà kì í sábà pa ẹyin ìdun, ọmọ sì máa ń jáde nínú ẹyin láàárín ọjọ́ 6 sí 10. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ́n òtápiàpíà sí fóòmù tí ẹ ń sùn lé!

Ti aáyán rọrùn díẹ̀: ẹ po boric acid (ìyẹ̀fun funfun tó ń pa kòkòrò) àti ṣúgà lọ́gbọọgba, ẹ wọ́n ọn sẹ́yìn fíríìjì, níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò tó. Páálí ọjà Láfẹ́nwá kò gbọdọ̀ wọ kíṣìnì, torí aáyán lè wà nínú rẹ̀.