Ẹ kọ orúkọ onílù sílẹ̀ kí fáìlì tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí. Ìdílé Àyàn ni wọ́n bí mi sí ní ìlú Ọ̀yọ́, ìlù sì ni mo fi ń jẹun títí di òní. Ohun tó mú mi kọ lẹ́tà yìí ni ọ̀nà tí àwa tí a kò ní ilé-iṣẹ́ ńlá kankan lẹ́yìn ń gbà ṣe àwo orin lóde òní, tí akọrin yóò wà ní London, tí onílù yóò wà ní Ọ̀yọ́, tí onígìtá yóò wà ní Kútọnu, tí wọn kò sì ní fojú kanra títí orin náà yóò fi jáde. Mo fara mọ́ ọ̀nà yìí tọkàntọkàn, nítorí òun ló gbé ìlù mi dé ibi tí ẹsẹ̀ mi kò dé. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú rẹ̀ tó ń dùn mí wọnú eegun, ìyẹn bí orúkọ onílù ṣe ń sọnù nígbà tí àwo bá jáde, mo sì fẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi gbọ́ ọ kó tó kan àwọn náà.

Kì í ṣe òní ni irú iṣẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀. Àwọn méjì kan ní Amẹ́ríkà, tí ọ̀kan wà ní Los Angeles tí èkejì wà ní Seattle, fi orin ránṣẹ́ síra wọn nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ títí wọ́n fi parí odindi àwo kan tó jáde ní 2003, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi sọ ẹgbẹ́ wọn ní The Postal Service. Íntánẹ́ẹ̀tì ló gba iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ṣe fún àwa. A kò kúkú lè fi í lu ìlù pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé ohùn máa ń pẹ́ díẹ̀ lójú ọ̀nà kó tó dé, ìpẹ́ díẹ̀ yẹn sì ti tó láti da ìlù rú. Akọrin ni yóò kọ́kọ́ fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́, pẹ̀lú aago kan tó ń dún kọ́-kọ́-kọ́ lábẹ́ orin, èyí tí àwọn ará sítúdíò ń pè ní click, kálukú wa yóò sì máa tẹ̀ lé e nínú ilé tirẹ̀.

Èmi máa ń dúró di aago méjì òru, nígbà tí jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò bá ti dákẹ́, tí ọ̀kadà kò sì sí nígboro mọ́. N ó fi aṣọ ìbora méjì kọ́ sára ògiri, n ó gbé gángan sí abíyá, n ó sì fi orin sí etí ọ̀tún nìkan kí etí òsì lè máa gbọ́ ohun tí ọwọ́ mi ń ṣe. Mo gbọ́dọ̀ dín ohùn orin náà kù gidigidi, nítorí bí kọ́-kọ́-kọ́ yẹn bá jò jáde láti etí mi bọ́ sínú makirofóònù, ó máa ń ṣòro gan-an láti yọ ọ́ kúrò. Bí òjò bá ti rọ̀ lọ́sàn-án, awọ yóò ti dẹ̀, n ó sì ní láti yá a níná kí ọṣán tó lè fún un dáadáa. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ìlù tí mo fi ránṣẹ́ lóṣù Keje kò ní bá èyí tí mo fi ránṣẹ́ nígbà ọyẹ́ mu. Nígbà kan, mo gba ìlù sílẹ̀ ní ìwọ̀n 48,000, ìyẹn iye ìgbà tí kọ̀ǹpútà ń wọn ohùn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹni tó ń da orin pọ̀ fún wa ní Houston sì ṣí i ní 44,100 láìjẹ́ kí kọ̀ǹpútà rẹ̀ yí i padà. Ìlù náà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lẹ́yìn orin, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀ bí ẹni pé gángan ẹlòmíràn ni. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni a fi bá ara wa jiyàn kí a tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Mo sọ gbogbo èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ohun tó ń jẹ́ fáìlì yẹn, ìyẹn ìlù tí mo gbà sílẹ̀ tí mo sì fi ránṣẹ́, kì í ṣe ohun tí a kàn tẹ bọ́tìnnì kan tó sì jáde. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, akọrin kan tó ń gbé lókè òkun bẹ̀ mí ní iṣẹ́. Orin mẹ́sàn-án ló wà nínú àwo rẹ̀, mo sì lu ìlù sí mẹ́fà. Nínú ọ̀kan, ó fi àyè kan sílẹ̀ tí kò kọrin sí, ó ní kí n fi ohun tó bá wù mí kún un. Mo bi í léèrè ìlú bàbá rẹ̀, mo wá àgbàlagbà kan tó jẹ́ ará ibẹ̀, ìrọ̀lẹ́ méjì ni mo sì fi jókòó tì í kí ó lè kọ́ mi ní oríkì ìdílé wọn, kí n tó fi gángan kì í. Ọjọ́ tí àwo náà jáde, mo ṣí i lórí fóònù mi. Orúkọ akọrin wà níbẹ̀, orúkọ ẹni tó da orin pọ̀ wà níbẹ̀, ti ayàwòrán pàápàá wà níbẹ̀. Tèmi kò sí. Nígbà tí mo bèèrè, wọ́n ní àwọn ti sanwó fáìlì mi. Òótọ́ ni pé wọ́n sanwó, n kò sì sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n kò sí ìgbà kankan tí a jọ sọ pé mo ta orúkọ mi mọ́ ọn.

Ẹ rántí bí ó ti rí tẹ́lẹ̀ lágbo jùjú àti fújì. Bí ẹ̀yìn àwo kò tilẹ̀ ní orúkọ onílù, akọrin yóò dá orin dúró díẹ̀, yóò yíjú sí i, yóò pè é lórúkọ, onílù yóò sì fi ìlù dáhùn, gbogbo ayé yóò sì gbọ́ ọ. Ní tiwa, akọrin ti kọrin tán kí fáìlì tó dé ọ̀dọ̀ mi. Báwo ni yóò ṣe pe ẹni tí kò tíì mọ̀ lórúkọ? Ohun tí ẹnu ń ṣe fún wa nígbà náà, ìwé ló gbọ́dọ̀ ṣe é báyìí.

Ilé-iṣẹ́ tó ń bá wa gbé orin lọ sórí Spotify, Boomplay àti àwọn yòókù máa ń béèrè orúkọ àwọn tó ṣe orin kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá sì ń kọ ọ̀rọ̀ sí fọ́ọ̀mù yẹn lálẹ́ ọjọ́ tó kù díẹ̀ kí orin jáde, tí oorun ń kùn ún, ohun tó bá wà lórí ahọ́n rẹ̀ ni yóò kọ. Òfin ẹ̀tọ́ àwọn oníṣẹ́ ọpọlọ ti 2022 ní Nàìjíríà, tí ààrẹ ìgbà náà buwọ́ lù lóṣù Kẹta 2023, dá ẹ̀tọ́ àwọn òṣèré, tó fi mọ́ àwọn olórin, mọ̀, àmọ́ ẹni tí kò ní ẹ̀rí lọ́wọ́ yóò ṣòro fún láti bá ẹnikẹ́ni wí.

Àwa márùn-ún tí a jọ ń ṣiṣẹ́ báyìí ti mú ọ̀nà mìíràn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, tó jẹ́ aago mẹ́jọ alẹ́ lọ́dọ̀ wa àti aago méjì ọ̀sán ní Houston, a pín owó tí orin bá mú wọlé sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún lórí WhatsApp kí ẹnikẹ́ni tó fi ohunkóhun ránṣẹ́: akọrin 40, ẹni tó ń da orin pọ̀ 20, onígìtá 15, èmi 15, ọmọdékùnrin tó ń lu agogo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ 10. A bínú síra wa díẹ̀, n kò ní purọ́. Lẹ́yìn náà ni olúkúlùkù kọ orúkọ rẹ̀ bí ó ti fẹ́ kí wọ́n máa kọ ọ́, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé òun gbà.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ń sọ pé ẹni tó bá béèrè ìwé yóò pàdánù iṣẹ́, pé akọrin yóò rò pé a kò fọkàn tán òun. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ kọ orúkọ mi sílẹ̀ nígbà tó ṣì ń wá ìlù mi, kò ní kọ ọ́ nígbà tí ìlù náà bá ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Olóòtú, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo wá bẹ̀ yín. Nígbàkígbà tí àwọn akọ̀ròyìn yín bá ń kọ nípa àwo orin tuntun, kí wọ́n jọ̀wọ́ bèèrè ẹni tó lu ìlù inú rẹ̀ àti ìlú tó ti lù ú, kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ akọrin. Bí tiwa bá jáde, n ó fi orúkọ àwa márààrún ránṣẹ́ sí yín, ti ọmọ alágogo yóò sì wà nínú rẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Onílù kan láti ìlú Ọ̀yọ́