Ẹ Má Dúró Sẹ́nu Géètì: Ọ̀nà Ẹsẹ̀ Edale Kì Í Ṣe Ti Òyìnbó Nìkan

Ọ̀gá Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn, ẹ kú làálàá. Mo ka lẹ́tà tí òǹkàwé yín kan kọ láti Lọ́ńdọ̀nù. Ó ní kí àwa ọmọ Yorùbá tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi gígun òkè àti ìrìn inú oko sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín, pé ilẹ̀ onílẹ̀ ni, àti pé bí wọ́n bá bá aláwọ̀ dúdú nínú oko àgbẹ̀, kò ní rí ọ̀rọ̀ sọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, nítorí èmi náà ti rò bẹ́ẹ̀ rí. Ọdún mẹ́fà gbáko ni èrò yẹn fi dù mí ní ohun tó wà nítòsí ilé mi.

Sheffield ni mo ń gbé. Abúlé kan wà ní Derbyshire tó ń jẹ́ Edale, láàárín Sheffield àti Manchester, tí ọkọ̀ ojú irin máa ń dúró sí. Abúlé náà kò tóbi rárá. Ẹ ó rí ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ìwé kékeré, ilé ọtí, àwọn ilé olókùúta, àti àgùntàn tó pọ̀ ju èèyàn lọ. Ṣùgbọ́n ibi yòówù kí ẹ kọjú sí níbẹ̀, ọ̀nà ẹsẹ̀ kan wà tó ń gun òkè lọ.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí èmi, ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wa méjì débẹ̀, a tẹ̀ lé pátákó kan tó ní ọ̀nà gbogbo èèyàn nìyí. Ọ̀nà náà gbé wa dé ẹnu géètì oko kan. Ajá ń gbó, katakata wà láàárín àgbàlá, aṣọ àwọn onílé sì wà lórí okùn. Mo ní, "Ilé onílé nìyí, ẹ jẹ́ ká padà." Ibi tá a ti ń yí padà ni ìyá àgbà kan, òyìnbó, ti ọ̀pá dání bọ̀ lẹ́yìn wa. Ó bi wá pé kí ló dé. Nígbà tí mo sọ fún un, ó ní ọ̀nà yín ni, ẹ kọjá, kí ẹ sáà ti géètì lẹ́yìn ara yín. Ó dúró síbẹ̀ títí àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi kọjá tán. Mi ò mọ orúkọ ìyá náà títí dòní, ṣùgbọ́n mo máa ń rántí rẹ̀ nínú àdúrà.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn mọ̀ ni pé lójú òfin Gẹ̀ẹ́sì, ilẹ̀ lọ́tọ̀, ọ̀nà lọ́tọ̀. Àgbẹ̀ ló ni ilẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ láti gba orí rẹ̀ kọjá jẹ́ ti gbogbo èèyàn, onílé àti àlejò. Bó bá ta oko náà, ẹni tó rà á ra ọ̀nà mọ́ ọn ni, kò sì lè dí i. Bó bá túlẹ̀ kọjá lórí ọ̀nà tó la oko já, ó ní ọjọ́ 14 láti tún un ṣe kó fẹ̀ tó mítà kan, ó kéré tán. Bí wọ́n bá gbin àgbàdo dí i, káńsù lẹ ó fi tó létí, ẹ kò ní bẹ ẹnikẹ́ni. Ọfà yẹ́lò lára òpó túmọ̀ sí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, ti búlúù sì gba ẹlẹ́ṣin àti oníkẹ̀kẹ́ mọ́ ọn. Ní England àti Wales, irú ọ̀nà báyìí tó nǹkan bíi máìlì 140,000. Kò sí ibì kankan lórí máàpù wọn tí wọ́n ti kọ ọ́ pé aláwọ̀ báyìí ló ni ín.

Wọ́n sì jà kí èyí tó rí bẹ́ẹ̀. Òkè tó wà lórí Edale ń jẹ́ Kinder Scout, òun ló ga jù ní gbogbo Peak District, agbègbè olókè tí Edale wà, mítà 636. Láyé ìgbà kan, àwọn ọlọ́lá tì í pa nítorí ẹyẹ tí wọ́n ń yìnbọn fún níbẹ̀, wọ́n sì fi ọdẹ ṣọ́ ọ. Àwọn òṣìṣẹ́ Manchester àti Sheffield, tí èéfín ilé iṣẹ́ ń bá fínra látọjọ́ Ajé, ń wo òkè náà lókèèrè. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún 1932, ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn gbéra láti Hayfield, ní òdì kejì òkè. Àwọn mìíràn gba Edale lọ pàdé wọn. Wọ́n bá àwọn ọdẹ wọ̀yá ìjà lọ́nà, wọ́n sì gun òkè náà. Ilé ẹjọ́ rán márùn-ún lára wọn lẹ́wọ̀n, oṣù méjì sí oṣù mẹ́fà.

Benny Rothman, tó ṣáájú wọn, jẹ́ ọmọ ogún ọdún. Oṣù mẹ́rin ló fi ṣẹ̀wọ̀n. Ibi tí mo ń lọ nìyí, ọ̀gá mi: àwọn òbí Rothman kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Júù ni wọ́n, Romania ni wọ́n ti ṣí wá. Ọmọ àlejò ló lọ sẹ́wọ̀n nítorí ọ̀nà yìí. Kí ló wá dé tí ọmọ àlejò mìíràn yóò fi dúró sẹ́nu géètì kó máa bẹ̀rù? Òfin 1949 ló wá sọ ẹ̀tọ́ ọ̀nà di ohun àkọsílẹ̀, Peak District sì di ọgbà orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1951. Òfin ọdún 2000 tún ṣí àwọn ilẹ̀ òkè gbalasa sílẹ̀, tí èèyàn lè kúrò lójú ọ̀nà kó rìn bó ti wù ú.

Fún ẹni tí kò rìn rí, kì í ṣe Kinder ni kó fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, ẹ sọdá odò kékeré tó ń jẹ́ Noe, kí ẹ máa gun òkè lọ sí Hollins Cross. Ibẹ̀ nìkan tó mi. Bí ẹ bá débẹ̀, Edale wà lẹ́yìn yín, abúlé Castleton wà níwájú, títí kan ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Hope tó na òpó èéfín rẹ̀ sókè. Kí wọ́n tó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì sí Edale ní àwọn ọdún 1630, ọ̀nà yìí ni wọ́n ń gbé òkú gbà lọ sin ní òdì kejì. Lẹ́yìn náà, àwọn obìnrin Castleton ń gbà á wá ṣiṣẹ́ òwú ní Edale, wọ́n á tún gbà á padà. Mo jókòó lórí òkúta níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo rántí bí bàbá mi ṣe máa ń sọ bí wọ́n ṣe ń gbé òkú àgbà wálé láti oko, pẹ̀lú ìsinmi lábẹ́ igi. Mi ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Láti ibẹ̀, ẹ tẹ̀ lé orí òkè dé Mam Tor, mítà 517, níbi tí odi ìlú àtijọ́ ṣì hàn lára ilẹ̀. Ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀: títì ọlọ́dà kan wà níbẹ̀ tó ti fọ́ wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Ilẹ̀ òkè náà kò yéé yọ̀ wálẹ̀, wọ́n tún títì náà ṣe títí ó fi sú wọn, wọ́n sì tì í pa ní 1979.

Kinder yàtọ̀. Ẹrẹ̀ dúdú tó ń gbé bàtà mì wà lókè yẹn, kùrukùru sì lè dé láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ má rí ẹni tó wà níwájú yín mọ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í sábà sí. Ẹ mú máàpù oníwèé àti kọ́ńpáàsì dání, kí ẹ sì mọ̀ ọ́n lò kí ẹ tó lọ. Bí nǹkan bá ṣe yín, 999 lẹ ó pè, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ọlọ́pàá, kí ẹ sì béèrè àwọn tó ń gba èèyàn là lórí òkè. Àwọn yẹn kì í gba owó oṣù.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí tó kù díẹ̀ káàtó lọ́dọ̀ tiwa náà. Nígbà tí ẹgbẹ́ kan tí mo wà nínú rẹ̀ lọ lóṣù kẹrin, àsìkò tí àgùntàn ń bímọ, àwọn ọmọ wa lé àwọn ọmọ àgùntàn káàkiri pápá, ẹnì kan sì fi géètì sílẹ̀ gbayawu. Àgbẹ̀ náà bínú, ó sì jàre. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ bá géètì ní títì, ẹ tì í. Ẹ bá a ní ṣíṣí, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ike omi àti ọ̀rá mọ́ínmọ́ín yín, ẹ kó o padà wálé.

Ọ̀gá Olóòtú, Edale náà ni ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Pennine Way ti bẹ̀rẹ̀, máìlì 268 títí dé Kirk Yetholm ní Scotland. Akọ̀ròyìn kan, Tom Stephenson, ló kọ àpilẹ̀kọ sínú ìwé ìròyìn ní 1935 pé kí wọ́n la ọ̀nà náà. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún 1965, wọ́n ṣí i. Nítorí náà mo mọ ohun tí ojú ìwé kan nínú ìwé ìròyìn yín lè ṣe. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa fi ọ̀nà kan han àwọn òǹkàwé yín lóṣooṣù, ní èdè wa, pẹ̀lú ibi tí ọkọ̀ ti ń dúró àti iye wákàtí tí yóò gbà.

Ní ti ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn, èmi àti ìdílé mi yóò wà ní ibùdókọ̀ ojú irin Edale ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹfà, aago mẹ́wàá àárọ̀. Hollins Cross là ń lọ. Kó mú ẹ̀wù òjò dání. Ìyàwó mi yóò gbé oúnjẹ tirẹ̀ mọ́ tiwa.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọmọ Ìdànrè, Sheffield