Ẹ̀sùn lórí àwòrán svgz tí sáfà yín kò jẹ́ kó hàn

Abẹ́òkúta,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Sí Alákòóso Ẹ̀ka Ìtọ́jú Oníbàárà.

Alàgbà,

Ọ̀dọ̀ yín ni mo ti gba ààyè tí ìkànnì mi wà, mo sì ń san owó rẹ̀ lásìkò. Bátànì àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni mo ń yà síbẹ̀, kí àwọn aládìrẹ àti akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà lè wà á sórí fóònù wọn: Ìbàdàndùn pẹ̀lú àwọn òpó Gbọ̀ngàn Mápó, Olókun, àtàwọn mìíràn. Láti ìgbà tí ẹ ti kó ìkànnì náà lọ sórí sáfà tuntun, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gbé ìkànnì jáde fún àwọn tó ń wò ó, kò sí ọ̀kan tó ń hàn mọ́.

Fáìlì svgz ni gbogbo wọn. SVG ni, irú fáìlì àwòrán tí W3C, àjọ tó ń ṣètò ìlànà ìkànnì ayélujára, ti fọwọ́ sí láti ọdún 2001, tí a wá fi gzip, ètò tó ń sọ fáìlì di kékeré, fún pọ̀. Ọ̀rọ̀ kíkọ ni SVG látòkè délẹ̀. Ó ń sọ ibi tí ìlà ti bẹ̀rẹ̀, ibi tó ti tẹ̀, àti àwọ̀ tó gbé wọ̀. Bátànì àdìrẹ sì kún fún ohun kan náà tí a ń yà léraléra: òpó kan náà, ẹyẹ kan náà, igun kan náà. Irú rẹ̀ gan-an ni gzip máa ń fún dáadáa. Aládìrẹ lè fẹ àwòrán náà títí yóò fi tó aṣọ, ìlà rẹ̀ kò ní dàrú. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ yín fi dùn mí nígbà tó ní kí n sọ gbogbo rẹ̀ di PNG, irú fáìlì àwòrán mìíràn. PNG máa ń fọ́ bí wọ́n bá fẹ̀ ẹ́. Bí mo bá sì yà á tóbi tó aṣọ láti ìbẹ̀rẹ̀, dátà ẹni tó ń wà á ni yóò jẹ. Owó ara wọn ni wọ́n fi ń ra dátà yẹn.

Mo ti fi curl, ètò tó ń fi ohun tí sáfà ń sọ hàn, yẹ sáfà yín wò. Ó ń sọ fún browser, ètò tí a fi ń wo ìkànnì, pé image/svg+xml, ìyẹn àwòrán SVG, ni fáìlì náà, òótọ́ sì ni. Ohun tí kò sọ ni Content-Encoding: gzip, ìyẹn pé a ti fi gzip fún fáìlì náà pọ̀. Browser ń retí XML, irú ọ̀rọ̀ kíkọ tí a fi ṣe SVG, báìtì 1f 8b tí fáìlì gzip fi ń bẹ̀rẹ̀ ló bá pàdé, kò sì lè kà á. Nígbà tí mo kọ́kọ́ fẹjọ́ sùn, ẹ tan mod_deflate, apá sáfà tó ń fún fáìlì pọ̀ kó tó fi ránṣẹ́, fún gbogbo SVG, ẹ sì kọ̀wé sí mi pé ọ̀rọ̀ ti parí. Kò parí rárá. Fáìlì tí mo ti fún pọ̀ ni sáfà tún ń fún lẹ́ẹ̀kejì. Browser tú ti òkè, ó bá òmíràn nínú rẹ̀.

Ìlà kan ṣoṣo ló sọnù: AddEncoding gzip svgz. Bí sáfà bá ti mọ̀ pé gzip ni, mod_deflate pàápàá kò ní fọwọ́ kàn án mọ́. Mo fi ìlà náà sínú .htaccess, fáìlì tí oníbàárà fi ń ṣètò ìkànnì rẹ̀, fúnra mi, gbogbo ìkànnì wá di àṣìṣe 500, torí pé AllowOverride yín, ìlà tó ń sọ ohun tí .htaccess lè yí padà, kò fàyè gba FileInfo, ẹ̀ka tí AddEncoding wà. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ sójú ewé tí ẹ fi ń polówó pé oníbàárà lè lo .htaccess. Ohun tó bí mi nínú jù nìyẹn.

Àwọn òṣìṣẹ́ yín ní irú fáìlì yìí kò wọ́pọ̀. Svgz wà nínú mime.types, àkọsílẹ̀ irú fáìlì, tó bá Apache, ètò tí sáfà yín ń lò, wá. Àwọn tó ṣe Apache mọ̀ ọ́n.

Mo fẹ́ kí ẹ fi ìlà yẹn sínú ètò sáfà, tàbí kí ẹ ṣí FileInfo fún àkáǹtì mi, kí ẹ sì fi àkókò tí àwòrán kò fi hàn kún èyí tí mo ti sanwó fún. Ẹni tó mọ Apache ni kí ó dá mi lóhùn. Bí kò bá sí èsì, màá gbé ẹ̀sùn yìí lọ sí FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà.

Èsì curl wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí, àti fáìlì svgz kékeré kan tí ẹ lè fi dán sáfà wò.

Èmi ni,
Oníbàárà yín, ayàwòrán bátànì àdìrẹ.